Ìdákẹ́ Mẹ́ta Lójú Ọ̀nà Pẹ̀lẹ́

"Bí mo bá ti tan ọkọ̀ yìí báyìí," ni Bàbá Ògúnrìndé wí, "ẹnu yín ti di pípadé nìyẹn, ó di ìgbà tí a bá parí ìdákẹ́ kẹta. Ẹ lè wúkọ́. Ẹ lè sín. Ẹ̀gbà mọ ikọ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀."

Mo mirí. Ó ní kí n na ọwọ́ òsì mi, ó fi ẹ̀gbà náà sí i, ó sì fún un títí ó fi lẹ̀ mọ́ mi lára. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni, kò ju okùn bàtà lọ, iná kékeré kan sì wà lórí rẹ̀. Bí ara ẹni tó wọ̀ ọ́ bá balẹ̀, iná náà a tan àwọ̀ ewé. Bí ọkàn onítọ̀hún bá ń sáré, iná a pọ́n. Bó bá la ẹnu sọ̀rọ̀, ẹ̀gbà a dún, ìdánwò a sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tún padà wá.

Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ onírin kan jáde nínú àpò, ó tì í bọ ibi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitiárìn, ó yí i. Ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Mi ò rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ kò ṣe é lò ní Ọ̀nà Pẹ̀lẹ́, gbogbo wa la mọ̀. Bí o bá ní kó máa rìn bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, á rò pé àìsàn ń ṣe òun, á dúró gbagidi, á sì máa pe àwọn atúnkọ̀ṣe kí wọ́n wá gba òun.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọnú igbó lẹ́yìn òkè Ẹ̀fọ̀n ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, a ń lọ ní kìlómítà méjìlá láàárín wákàtí kan. Bàbá wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Lórí Títì Ńlá, òfin kò fàyè gba ìrìn tó bá dín ní igba kìlómítà. Ẹni tó bá ní kí ọkọ̀ òun rọra, ọlọ́pàá ni yóò pàdé níbi tó ń lọ. Fèrèsé ọkọ̀ ibẹ̀ kì í sì í ṣe gíláàsì, àwòrán ni wọ́n ń gbé sí i, wọ́n ní igi tó ń sáré kọjá máa ń mú kí òòyì kọ́ èèyàn. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Mi ò lè sọ ìgbà tí mo ti rí igi tó dúró jẹ́ẹ́ láti inú ọkọ̀ gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ Títì Ńlá yẹn. Àwa mẹ́wàá la wà nínú Yàrá Ìṣọ́, ọ̀ọ́dúnrún ọkọ̀ ló wà lábẹ́ ìka ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ kan bá rí ohun tí kò yé e, á bi mí bóyá kí òun dúró tàbí kí òun máa lọ. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni mo ní láti fi tẹ bọ́tìnnì kan nínú méjì. Bí mo bá yege nínú ìdánwò òní, wọ́n á fi mí ṣe ọ̀gá yàrá náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọkọ̀ ni yóò sì bọ́ sábẹ́ ìka mi. Bí wọ́n bá kọ̀ mí gbáà, tí kì í ṣe pé ìdánwò kàn fọ́, wọ́n á gba àga mi, wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé fún ọdún kan gbáko.

Bí nǹkan kan bá ṣì wà láyé yìí tó lè bà mí lẹ́rù, ilé yẹn ni. Adéwọyin ọkọ mi sùn níbẹ̀ ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, kò sì jí. A sin ín ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹjọ mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sunkún, ọ̀pọ̀ èèyàn sì yìn mí pé mo lágbára, pé mo mú un mọ́ra bí akọni obìnrin. Mi ò mú nǹkan kan mọ́ra. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíì tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, tí onítọ̀hún kò sì tíì sọ ọ́ fún mi.

A ò tíì rìn jìnnà tí Bàbá fi tẹ bíréèkì. Ọ̀kùn kan ló ń sọdá títì. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì, ó káwọ́ lórí sitiárìn, ó ń wò ó.

"Ẹ wo gbogbo ẹsẹ̀ tó ní," ló wí. "Kò sì kánjú."

Òun ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, èmi ni mi ò ní. Ọ̀kùn náà gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó dé inú koríko lódì kejì. Bàbá kò tan ọkọ̀ títí ìrù rẹ̀ fi wọlé. Mo wo ẹ̀gbà ọwọ́ mi, àwọ̀ ewé ni.

Ìdákẹ́ kìn-ín-ní wà létí odò kékeré kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lèèyàn gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀, kí iná má pọ́n rárá. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi kí a tó gbéra pé ibẹ̀ ló máa ń le jù fún àwọn ará ìlú, nítorí etí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ìdákẹ́ ṣe. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ariwo kiri bí ẹni tó sọ owó nù. Ọkàn wọn á máa lù kìkì, iná á pọ́n, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo jókòó sórí òkúta kan, mo wo odò. Omi náà mọ́ tóbẹ́ẹ̀ tí mo fi rí alákàn kan tó fara pamọ́ sábẹ́ gbòǹgbò. Àwọn labalábá funfun bà sórí ẹrẹ̀, wọ́n ń mu nǹkan nínú rẹ̀. Òrofó kan ké lókè, òmíràn dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Oòrùn gba àárín ewé kọjá, ó bọ́ sórí omi ní tótòtó. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó dára, bí ẹni tó ń ka orúkọ oúnjẹ lára ògiri búkà nígbà tí ebi ò pa á.

Iná tan àwọ̀ ewé láti ìṣẹ́jú kìn-ín-ní dé ìkẹwàá. Kò ṣẹ́jú. Bàbá Ògúnrìndé wò ó, ó wo ojú mi, ó sì lọ jókòó sídìí sitiárìn rẹ̀.

Lẹ́yìn odò, igbó là sí méjì, a bọ́ sẹ́bàá oko ẹ̀pà kan. Oko tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ro kò pọ̀ mọ́ nílẹ̀ wa, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan wà nínú èyí, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń hú ẹ̀pà, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ó ń kó o jọ sẹ́yìn. Á ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Bàbá dẹ ọkọ̀ débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ì bá yà wá sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá," ló wí.

"Oò. Ẹ kú ìrìn o. Ọlọ́run á mú yín délé."

Ìyá náà nàró, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, ó yíjú sí mi. Ó ń dúró. Kò jù bí ìwọ̀n apá méjì lọ láàárín àwa méjèèjì, mo rí iyẹ̀pẹ̀ tó wà ní èékánná rẹ̀. Mo wò ó, ó wò mí, ọkọ̀ ń rá lọ díẹ̀díẹ̀. Mo rántí pé òfin ní kí n má sọ̀rọ̀. Mo rò pé òfin náà ló dá mi dúró. A kọjá lára rẹ̀ báyẹn, mo sì rí ojú Bàbá nínú dígí tó wà lókè orí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà ló ń wò.

Orí àpáta pẹrẹsẹ kan ni ìdákẹ́ kejì wà. Láti ibẹ̀ èèyàn lè rí òkè méje tàbí mẹ́jọ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tí ìkùukùu ṣì dì mọ́ àwọn tó jìnnà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀, kò sí ìró ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀. Mo ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi níbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró kí omi hó. Àwọ̀ ewé ni.

Nígbà tó pé, Bàbá wá bá mi, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbà náà, iná rẹ̀ sì kú. Ó ní òfin fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti jẹun, láti mumi, láti yà sẹ́yìn igbó, ẹ̀gbà kò sì ní gbọ́ wa títí yóò fi pé. Ó bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun fún mi. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara rẹ̀.

Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nìyí nídìí ọkọ̀ yìí. Ó ti gbé adájọ́, ó ti gbé dókítà, ó ti gbé àwọn tó ń fò lọ sí ojú sánmà. Kò sí ẹni tó ti gbé kọjá lára oko ẹ̀pà yẹn tí ẹnu rẹ̀ kò yọ̀ lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní. Wọ́n á ti ṣe ìdákẹ́ odò tán, ara wọn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n, wọ́n á rí àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ẹnu wọn á sì ti sọ "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà" kí orí wọn tó rántí òfin. Ẹ̀gbà á dún. Wọ́n á máa bínú sí ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, kálukú á ti mú ọgbọ́n tirẹ̀ dání. Òmíràn á fi eyín di ètè mú. Adájọ́ obìnrin kan wà tó fi gèlè di ara rẹ̀ lẹ́nu láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá, ńṣe ló wọ́ kúrò lórí àga tó kúnlẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀.

"Àwọn tó ṣe òfin yìí," ni Bàbá wí, "inú yàrá ni wọ́n jókòó sí ṣe é. Wọ́n rò pé ẹni tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, dídákẹ́ ni yóò máa dákẹ́. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé kọjá níbẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù. Ẹ ò mirí. Ẹ ò juwọ́. Ẹ kàn wò ó ni."

Mo ní òfin ni.

"Mo mọ̀ pé òfin ni. Ohun tí mò ń bi yín ni pé ṣé òfin ló dá yín dúró."

Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tán. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ fún un. Bóyá nítorí pé ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Mo sọ fún un nípa Adéwọyin, ní gbólóhùn kan, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: opó ni mí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti oṣù Èbìbì fún un, èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ obìnrin kan kú sójú títì. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń juwọ́. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bi mí bóyá kí òun dúró, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ kò tíì rí ènìyàn lórí Títì Ńlá rí. Mo rí i kedere. Ó wọ bùbá olómi aró. Mo wò ó bí mo ṣe wo alákàn inú odò yẹn. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí ló sáré na ọwọ́ kọjá níwájú mi tó tẹ bọ́tìnnì, ní ìṣẹ́jú àáyá kẹrin. Obìnrin náà kò kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní orúnkún. Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí, a kì í wò sùn-ùn ká dáràn. Èmi wò sùn-ùn, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sì lọ sí i.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí rẹ̀. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ ìlù ọkàn mi tí ẹ̀rọ Yàrá Ìṣọ́ gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, wọ́n rí i pé kò fi ìgbà kan sáré. Wọ́n ní ẹni tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò yẹ̀, ìfarabalẹ̀ rẹ̀ kọjá ti èèyàn lásán, irú rẹ̀ ló yẹ kó máa darí àwọn yòókù. Wọ́n ní bọ́tìnnì mi ló há. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó há?" ni Bàbá bi mí.

"Kò há. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Kò bá mi wí, kò sì bá mi kẹ́dùn. Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tó kù kò pọ̀. Ìdákẹ́ kẹta yóò tan àwọ̀ ewé, ó dá a lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin tún fẹ́ àtàǹpàkò awakọ̀ lórí wàláà ẹ̀rọ tó ń gbé kiri, kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara lè jẹ́rìí sí ohun tí ẹ̀rọ wí. Ní ọdún mọ́kàndínlógún, kò tíì kọ̀ láti tẹ àtàǹpàkò fún ẹni tí ẹ̀gbà bá gbà.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà níkùn yín," ló wí. "Bí ẹ bá ní kí n tẹ̀ ẹ́, n ó tẹ̀ ẹ́."

Mo ro ti ilé. Bàtà Adéwọyin wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó bọ́ ọ sí. Mo ro ti ọdún kan tí n ó máa gba ẹ̀gbẹ́ bàtà náà wọlé, tí n ó máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, tí kò ní sí iná pupa kankan láti wò, tí kò ní sí ọkọ̀ kankan tí yóò bi mí ní nǹkan.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá," mo wí.

"Ó dáa," ló wí, ó sì tan ẹ̀gbà padà.

Ìdákẹ́ kẹta wà lábẹ́ igi àràbà kan tí èèyàn mẹ́wàá kò lè di mọ́. Àwọn lékelèke bà sórí ẹ̀ka rẹ̀. Mo jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ẹ̀gbà kọ orin kékeré kan, ohùn obìnrin kan sì sọ láti inú rẹ̀ pé ìfarabalẹ̀ mi pé, pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí bó bá wù mí. Kò wù mí. Bàbá sọ pé ẹnu ibodè ni òun yóò ti tẹ àtàǹpàkò, níbi tí wàláà ti lè bá Yàrá Ìṣọ́ sọ̀rọ̀. Ó yí ọkọ̀ padà.

Ọ̀nà kan náà la gbà bọ̀. Bàbá kò mú ìrìn yá rárá, ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àti pé ọkọ̀ náà gan-an kò lágbára eré mọ́. Nígbà tí a fi dé oko ẹ̀pà, Ìyá ti kúrò láàárín ebè. Ó tẹ́ àpò sábẹ́ igi oṣè kan lẹ́bàá títì, ó ń já ẹ̀pà kúrò lára ìtàkùn rẹ̀. Kí Bàbá tó lanu, Ìyá ti gbé ọwọ́ sókè sí wa.

"O kú ìrìn o, ọmọ mi," ló wí. Èmi ló ń wò.

Àgbà ló kọ́kọ́ kí mi. Bí ìyá tó bí mi bá wà láyé, ì bá gbá mi lórí. Bàbá ti dá ọkọ̀ dúró. Mi ò rántí bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, orúnkún mi ti kanlẹ̀ lẹ́bàá àpò Ìyá kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Oò, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

"Ó wà, Mà."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà lókè òkun, Mà. Ó wà dáadáa."

"Bàálé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Mà. Wọ́n wà dáadáa."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dáhùn, kò sí ẹni tó ń ronú sí i kó tó wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi, mo sì wò ó. Àwọ̀ ewé ni. Mo sọ pé ọkùnrin tí a ti fi erùpẹ̀ bò láti oṣù Ẹrẹ̀nà wà dáadáa, ọkàn mi kò sì yẹ̀ ní ibi kankan, ẹ̀rọ sì gbà pé ara mi balẹ̀.

Inú Ìyá dùn. Ó ṣa àwọn ìdì ẹ̀pà tó gbó dáadáa jọ, ó fi ìtàkùn wọn di wọ́n, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára wọn.

"Ti Bàálé nìyí," ló wí. "Má sun ún o, sè é, kí o sì fi iyọ̀ sí i. Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé Ìyá kan tó wà lójú ọ̀nà ló ní kí wọ́n jẹ ẹ́."

Mo dúpẹ́. Mo dìde. Mo di ẹ̀pà náà mú, mo sì rí ohun tí mo máa fi ṣe. Mo máa gbé e délé, n ó ṣan án, n ó sè é pẹ̀lú iyọ̀ bí Ìyá ṣe wí, n ó bù ú sínú àwo, n ó gbé e síwájú àga tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Ọwọ́ mi kò ní gbọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọ̀la n ó lọ jókòó síwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọkọ̀, ọwọ́ mi kò ní gbọ̀n níbẹ̀ náà, ẹnì kan yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, yóò máa juwọ́ sí mi.

"Wọn ò sí mọ́, Mà," mo wí.

"Ta ni?"

"Bàálé. Wọ́n kú nínú oṣù Ẹrẹ̀nà."

Mo ti wí pé opó ni mí, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé ó kú rí. Àwọn ẹlòmíì ló ń bá mi sọ ọ́ kiri, dókítà sọ ọ́, àbúrò Adéwọyin sọ ọ́, olùṣọ́àgùntàn sọ ọ́ nínú ẹ̀rọ agbóhùn. Èmi ò fi ẹnu ara mi pè é rí.

Ìyá kò pariwo. Kò sì gba ẹ̀pà náà padà. "O kú aráfẹ́rakù, ọmọ mi," ló wí, ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àpò rẹ̀ kí àyè lè gbà mí. Mo jókòó tì í. Ó padà sídìí ẹ̀pà tó ń já. Ewé oṣè ń mì lórí wa, ẹyẹ kékeré kan ń fò láti orí ebè kan sí èkejì, ó ń ṣa kòkòrò níbi tí wọ́n ti hú ẹ̀pà. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tí a lò níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń kà á. Síbẹ̀, kò tíì dùn mí. Ó kàn jẹ́ pé mo gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, mo sì mọ̀ pé láti ìgbà tí Adéwọyin ti kú, mi ò tíì gbọ́ òórùn nǹkan kan.

Mo pe Bàbá Ògúnrìndé, ó sì wá.

"Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Ó ní ṣé mo mọ̀ pé wọ́n á gba àga mi. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ọdún kan nílé kì í ṣe ọjọ́ kan. Mo sọ fún un pé mo mọ ìyẹn náà, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó lọ mú wàláà rẹ̀ wá láti inú ọkọ̀, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní awakọ̀ tó bá kọ̀ láti tẹ àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀, pé òun kò sì ṣe irú rẹ̀ rí, kí n sọ ohun tí òun yóò kọ.

"Ẹ kọ ọ́ pé bọ́tìnnì kò há," mo wí. "Mo rí obìnrin náà, mi ò sì tẹ nǹkan kan."

Bàbá fi ìka kọ ọ́, ó ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sẹ́nu bó ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó gbé wàláà náà fún mi kí n wò ó bóyá òun ṣì í kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Láti oṣù Ẹrẹ̀nà, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n ti kọ nípa mi, nínú fọ́ọ̀mù, nínú ìwé ìgbìmọ̀, nínú ìwé ìyìn, èyí sì ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn.